Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ etí fún ìyàtọ̀ ìró nínú èdè kejì

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ etí fún ìyàtọ̀ ìró nínú èdè kejì jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni tí a fi ń ran ẹni tó ń kọ́ èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́ láti gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin ìró méjì tí èdè abínibí rẹ̀ kò yà sọ́tọ̀. Ìró náà lè jẹ́ kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì, ohùn, tàbí gígùn àti kúkúrú ìró. Àpẹẹrẹ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí lé lórí jù lọ ni ti àwọn ọmọ Japan tí wọn kò gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin l àti r inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti ti àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò gbọ́ ìyàtọ̀ gígùn àti kúkúrú fáwẹ̀lì nínú èdè Japan. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń kọ́ èdè Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè kejì, tí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ń dún bákan náà létí wọn.

Ìwádìí láti ọdún 1971 wá fi hàn pé etí àgbàlagbà kò tíì di, pé a lè tún un kọ́, àti pé irú ẹ̀kọ́ tí a bá fún un ló ń sọ bóyá ohun tó kọ́ yóò wúlò fún un lóde yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ìdí tí àgbàlagbà kì í fi gbọ́ ìró àjèjì dáadáa

Ọmọ ọwọ́ máa ń gbọ́ ìyàtọ̀ ìró ju àwọn òbí rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1984, Janet Werker àti Richard Tees tẹ ìwádìí kan jáde láti Kánádà nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì nílé. Àwọn tí wọ́n wà láàrin oṣù 6 sí 8 gbọ́ ìyàtọ̀ àwọn kọ́ńsónáǹtì inú èdè Hindi àti ti Nthlakampx, èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ní Kánádà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbọ́ èdè méjèèjì rí. Nígbà tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi máa pé oṣù 10 sí 12, díẹ̀ nínú wọn ló ṣì ń gbọ́ ọ.

Kì í ṣe pé etí wọn ti bàjẹ́. Ọpọlọ ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìró jọ gẹ́gẹ́ bí èdè ilé rẹ̀ ṣe tò wọ́n. Ìyàtọ̀ tí èdè ilé ń lò ni ó ń fún ní àyè, ìyàtọ̀ tí kò bá yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà ni ó ń fojú fò. Ètò yìí dára, nítorí òun ló ń mú kí ọmọ yára lóye ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni náà bá dàgbà, tó sì fẹ́ kọ́ èdè mìíràn, àtòjọ kan náà ni yóò máa fi gbọ́ èdè tuntun.

Catherine Best àti James Flege wà lára àwọn tó ṣàlàyé ìgbà tí ìró àjèjì máa ń nira àti ìgbà tí kì í nira. Bí ìró àjèjì méjì bá bọ́ sínú ìró abínibí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, olùgbọ́ kò ní ìṣòro. Bí àwọn méjèèjì bá bọ́ sínú ìró abínibí kan ṣoṣo, tí ọ̀kan kò sì bá a mu ju èkejì lọ, ibẹ̀ ni ìṣòro ti máa ń pọ̀ jù.

Àwọn ọ̀rọ̀ àyálò inú èdè Yorùbá fi èyí hàn kedere. Yorùbá kò ní ìró tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní ch, nítorí náà ni teacher fi di tíṣà, tí church sì di ṣọ́ọ̀ṣì. Kò ní v, nítorí náà ni video fi di fídíò. Fún ẹni tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ, chip àti ship lè dún bí ọ̀rọ̀ kan náà, nítorí pé inú ṣ ni méjèèjì bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ l àti r kò lè yọ ọmọ Yorùbá lẹ́nu, nítorí pé là àti rà ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní èdè rẹ̀ kó tó mọ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ohun tó rọrùn fún ọmọ Yorùbá yìí gan-an ló mú ọmọ Japan.

Ìyàtọ̀ ìró nínú èdè Japan

Ìyàtọ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń nira fún àwọn tó ń kọ́ èdè Japan.

Àkọ́kọ́ ni gígùn fáwẹ̀lì. Obasan ni àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí tó jẹ́ obìnrin, obāsan ni ìyá àgbà. Gígùn a kan ṣoṣo ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń rò pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kàn ń fa ohùn ni.

Èkejì ni gígùn kọ́ńsónáǹtì. Kite lè túmọ̀ sí pípe ẹnì kan pé kó wá, kitte sì ni sítáǹbù tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Nínú kitte, ahọ́n máa ń dúró pẹ́ díẹ̀ níbi t kó tó tú u sílẹ̀. Àwọn ará Japan a máa ka ìdúró yẹn mọ́ ìwọ̀n ọ̀rọ̀: kite jẹ́ ìwọ̀n méjì, kitte jẹ́ mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta ni ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ohùn. Ní Tokyo, hashi tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lókè tó sì já wálẹ̀ ni igi tí a fi ń jẹun. Hashi tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì gòkè ni afárá. Ame náà rí bẹ́ẹ̀: ọ̀kan ni òjò, èkejì ni súùtì.

Ọmọ Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ èdè Japan kò bá elédè Gẹ̀ẹ́sì wà lójú kan náà. Ó ti mọ̀ pé ohùn lè yí ìtumọ̀ padà, fáwẹ̀lì méjì tó tẹ̀ léra kò sì ṣàjèjì sí i, nítorí pé aago àti oore wà ní èdè rẹ̀. Síbẹ̀, Yorùbá kò ní kọ́ńsónáǹtì gígùn, nítorí náà kite àti kitte jẹ́ ohun tí yóò kọ́ etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn pàápàá kò dọ́gba: ní Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀ láàrin mẹ́ta, ní èdè Japan, ohun tó ṣe pàtàkì ni ibi tí ohùn ti já wálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, tàbí bóyá kò tilẹ̀ já rárá.

Ìtàn ìwádìí

Ní ọdún 1971, Hiromu Goto fi hàn pé àwọn àgbàlagbà kan ní Japan lè pe l àti r Gẹ̀ẹ́sì débi tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi mọ èyí tí wọ́n pè, síbẹ̀ tí àwọn fúnra wọn kò lè fi etí yà wọ́n sọ́tọ̀, kódà nínú ohùn ara wọn tí a gbà sílẹ̀. Èyí yani lẹ́nu, nítorí èrò tó wà tẹ́lẹ̀ ni pé gbígbọ́ ló máa ń ṣáájú pípè. Ní ọdún 1975, Miyawaki àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ọmọ Japan wé àwọn ará Amẹ́ríkà. Nígbà tí a yọ apá tó ya r àti l sọ́tọ̀ jáde nínú ọ̀rọ̀, tó wá ń dún bí ariwo lásán, àwọn méjèèjì gbọ́ ọ bákan náà. Ìgbà tó padà di ọ̀rọ̀ ni etí àwọn ọmọ Japan kò ríran mọ́. Ìṣòro náà kò sí nínú etí, inú bí ọpọlọ ṣe ń to ọ̀rọ̀ ló wà.

Ní ọdún 1984, Winifred Strange àti Sibylla Dittmann gbìyànjú láti fi ohùn tí ẹ̀rọ ṣe kọ́ àwọn ọmọ Japan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà tẹ̀ síwájú lórí ohùn ẹ̀rọ yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ènìyàn, wọn kò jèrè púpọ̀.

Ìyípadà ńlá dé ní ọdún 1991, nígbà tí John Logan, Scott Lively àti David Pisoni ní Yunifásítì Indiana yí ọ̀nà náà padà. Dípò ohùn ẹ̀rọ kan, wọ́n lo ohùn ènìyàn márùn-ún. Dípò ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, wọ́n lo ọ̀rọ̀ méjì-méjì ọ̀nà 68, tí l àti r wà ní oríṣiríṣi ipò nínú wọn. Àwọn ọmọ Japan mẹ́fà gba ẹ̀kọ́ náà ní ìjókòó 15 láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba nǹkan bí 78 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gba nǹkan bí 86. Ìdíwọ̀n náà lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó tún hàn lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́ rí nínú ẹ̀kọ́ náà.

Ní ọdún 1993, àwọn kan náà dán an wò pẹ̀lú ohùn ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohùn ẹni yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ náà kì í bá wọn dé ibẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1994 fi hàn pé ohun tí a fi ohùn púpọ̀ kọ́ ṣì kù létí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ní ọdún 1997, Ann Bradlow àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ Japan tí a kọ́ ní gbígbọ́ nìkan tún ń pe l àti r dáadáa sí i, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní pípè.

Ọ̀nà yìí tàn dé ohùn pẹ̀lú. Ní ọdún 1999, Yue Wang àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́jọ ní ohùn mẹ́rin inú èdè Mandarin ti Ṣáínà. Ìgbọ́ wọn fi ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè, èrè náà sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ní ọdún 2004, Yukari Hirata lo irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láti kọ́ àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní gígùn àti kúkúrú ìró inú èdè Japan, nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo àti nínú odidi gbólóhùn.

Bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ń lọ

Bí a bá yọ ti ẹ̀rọ kúrò, ètò náà kò le. Àwọn ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí:

1. Olùkọ́ yóò yan àwọn ọ̀rọ̀ méjì-méjì tí ìró kan ṣoṣo yà sọ́tọ̀, bíi kó àti kọ́. Ó dára kí ìró náà wà ní ipò oríṣiríṣi nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà.
2. Yóò gba ohùn àwọn ènìyàn púpọ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílé nínú èdè náà sílẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọdé àti àgbà.
3. Yóò ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ láìsọ èsì fún akẹ́kọ̀ọ́, kó lè mọ ibi tí etí rẹ̀ wà.
4. Nínú ẹ̀kọ́ gan-an, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, yóò sì mú ọ̀kan nínú méjì tó wà níwájú rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni a óò sọ fún un bóyá ó gbà á tàbí ó ṣì í. Bó bá ṣì í, a óò tún jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.
5. Ìjókòó kọ̀ọ̀kan kò ní gùn, ṣùgbọ́n yóò máa wáyé léraléra fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.
6. Ìdánwò ìkẹyìn yóò lo ọ̀rọ̀ tuntun láti ẹnu ẹni tuntun. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yege lórí ohùn tó ti mọ̀ nìkan, a kò tíì lè sọ pé ó ti gbọ́ ìró náà.

Ìdí tí ohùn púpọ̀ fi ṣe kókó ni pé kò sí ẹni méjì tó ń pe ìró kan bákan náà. Ẹni tó gbọ́ ohùn kan ṣoṣo yóò há ìwà ohùn yẹn sórí. Ẹni tó gbọ́ ohùn mẹ́wàá yóò fi ohun tí wọ́n yàtọ̀ sí sílẹ̀, yóò sì di ohun tó pa wọ́n pọ̀ mú, èyí tí í ṣe ìró náà gan-an.

Èdè Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè kejì

Bí a ṣe ń gbọ́ ìró Yorùbá àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ti jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kíkọ èdè náà. Hannah Kilham kó ọ̀rọ̀ Yorùbá mọ́ ti àwọn èdè Áfíríkà mìíràn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1828, John Raban sì tẹ àwọn ìwé kéékèèké jáde láàrin ọdún 1830 sí 1832. Àjèjì ni àwọn méjèèjì, etí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi gbọ́ èdè náà. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1843, àti ìwé gírámà ní ọdún 1852. Àwọn àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ fi hàn fún òǹkàwé pé ìró ọ̀tọ̀ ni wọ́n sí e, o àti s. Ìpàdé tó wáyé ní Èkó ní ọdún 1875 lórí àkọtọ́ ló fi ìdí ọ̀pọ̀ nínú ètò yìí múlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìfáàrà Ida Ward sí èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1952. Ní ọdún 1963, Earl Stevick àti Olaleye Aremu ṣe ìwé ẹ̀kọ́ Yorùbá fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń lọ sókè òkun, tí ìdárayá etí lórí ohùn wà nínú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ ohùn ni òkè tó ga jù fún akẹ́kọ̀ọ́ tí èdè rẹ̀ kò ní ohùn. Àpẹẹrẹ tí àwọn olùkọ́ sábà ń lò ni èyí, pẹ̀lú dò, re àti mí tí ilé-ìwé fi ń kọ́ ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè:

igba (re re): ọgọ́rùn-ún lọ́nà méjì
igbá (re mí): ohun tí a fi ń bu omi tàbí ẹ̀kọ
igbà (re dò): okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ
ìgbà (dò dò): àkókò
ìgbá (dò mí): ọ̀kan lára àwọn èso tí a ń jẹ

Nǹkan mẹ́ta ló ń mú kí èyí nira. Àkọ́kọ́ ni pé òkè àti ìsàlẹ̀ kò ní ìwọ̀n kan pàtó. Ohùn òkè bàbá àgbàlagbà lè wà nísàlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọbìnrin kékeré lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ láti fi ohùn wé ohùn tó yí i ká lẹ́nu ẹnì kan náà, ìdí sì nìyí tí ẹ̀kọ́ olóhùn púpọ̀ fi bá Yorùbá mu.

Èkejì ni pé ohùn kan máa ń fa èkejì. Ohùn òkè tó tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń dún bí èyí tó ń gùnkè, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ lé ohùn òkè máa ń dún bí èyí tó ń já bọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú rárà. Àjèjì lè rò pé ohùn kẹrin àti ìkarùn-ún ló gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni pé gbólóhùn máa ń yí ohùn ọ̀rọ̀ padà. Kọ́, kọ àti kọ̀ yàtọ̀ gedegbe bí a bá pè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: ó kọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀, etí nìkan kò tó; akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ gírámà. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ̀kọ́ etí dúró sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láìdé inú gbólóhùn.

Lẹ́yìn ohùn, àwọn ìyàtọ̀ mìíràn tó yẹ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni: e àti ẹ (ṣe, ṣẹ), o àti ọ (kó, kọ́), fáwẹ̀lì àìránmúpè àti àránmúpè (rí, rín, kú, kún), s àti ṣ (sá, ṣá), b àti gb (bá, gbá), àti p àti b (pẹ́, bẹ́). P Yorùbá kì í ṣe p Gẹ̀ẹ́sì: ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti gb.

Ìlù dùndún náà jẹ́ ẹ̀rí agbára etí tó gbọ́ ohùn. Ìlù kò ní fáwẹ̀lì tàbí kọ́ńsónáǹtì. Ohùn àti ìwọ̀n ìró nìkan ló ń gbé jáde, síbẹ̀ ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa ń mọ ohun tó ń sọ. Fún akẹ́kọ̀ọ́, gbígbọ́ ohùn láìsí ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ gan-an lè ràn án lọ́wọ́ láti dá ohùn mọ̀.

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ méjì nínú ẹ̀ka ńlá márùn-ún tí Ìpínlẹ̀ Èkó pín sí, pẹ̀lú Ìkẹjà, Badagry àti Èkó fúnra rẹ̀. Ìtàn ìlú Ìkòròdú so mọ́ Rẹ́mọ, pàápàá Ṣàgámù. Ní Ẹ̀pẹ́, apá méjì ló wà: Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́. Èkó-Ẹ̀pẹ́ ní í ṣe pẹ̀lú Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, tí wọ́n ṣí lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá kọlu Èkó ní ọdún 1851. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní ọdún 1862, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn rẹ̀ ló bá a padà. Báyìí ni ẹ̀ka-èdè méjì ṣe ń gbé ìlú kan pọ̀.

Ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ wà nínú ẹgbẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè, pàápàá Abíọ́dún Adétúgbọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1967, ń pè ní ti gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, pẹ̀lú Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Ọ̀kan lára àmì ẹgbẹ́ yìí ni ìró gh, tí àwọn ẹ̀ka-èdè bíi ti Ọ̀yọ́ ti sọ di w. Ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń pè ní ọwọ́ ni ará Oǹdó àti Ìlàjẹ ń pè ní ọghọ́. Etí ọmọ Ọ̀yọ́ sí gh àti w kò jìnnà sí etí ọmọ Japan sí l àti r, nítorí pé inú w kan ṣoṣo ni méjèèjì bọ́ sí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe àjèjì nìkan ni ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ etí kàn. Ó kan Yorùbá sí Yorùbá pẹ̀lú.

Ní ọdún 2018, Gómìnà Akinwunmi Ambode, ọmọ Ẹ̀pẹ́, fọwọ́ sí òfin tó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ìwé Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Òfin náà kan àwọn ọmọ tí èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ nílé, bíi Ìgbò, Hausa tàbí Ẹ̀gùn. Ó sì kan àwọn ọmọ Yorùbá tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn òbí wọn ń bá wọn sọ, tí èdè ìyá wọn wá di èdè kejì fún wọn. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá há àmì ohùn sórí láìgbọ́ ohùn náà, ó lè yege nínú ìdánwò tí a kọ sórí ìwé, ṣùgbọ́n yóò kùnà nínú àpèkọ, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ kò sì ní yé e. Kíka Yorùbá tí a kọ láìsí àmì ohùn, gẹ́gẹ́ bó ṣe wọ́pọ̀ lórí fóònù, kò lè kọ́ etí rẹ̀.

Kíkọ́ àwọn olùkọ́ ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tó wà ní Nọ́fọ́rìjà ní Ẹ̀pẹ́, tó ń jẹ́ orúkọ Michael Ọ̀tẹ́dọlá, àti èyí tó wà ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, tó ń jẹ́ orúkọ Adéníran Ògúnsànyà ọmọ Ìkòròdú, ni a pa pọ̀ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022.

Ohun èlò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà kò wọ́n. Fóònù lásán lè gba ohùn sílẹ̀, ohùn sì pọ̀ ní àdúgbò: ìyá tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, awakọ̀ ní Ìkòròdú, akẹ́kọ̀ọ́, àgbà ìlú. Ohun kan ni kí olùkọ́ ṣọ́ra fún. Bí ẹ̀kọ́ bá dá lórí Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ó yẹ ohùn tó gbà wò, kí ó rí i pé gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ ló pa ìyàtọ̀ tó ń kọ́ mọ́. Ohùn púpọ̀ dára, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ka-èdè ẹnì kan bá ń pe ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mìíràn, yóò da akẹ́kọ̀ọ́ rú ni.

Ààlà ọ̀nà náà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ etí kì í sọ àgbàlagbà di ọmọ onílé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló máa ń gbọ́ bí abínibí ṣe ń gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò dọ́gba: a rí ẹni tó ń jèrè púpọ̀ láàrin ọjọ́ mélòó kan, a sì rí ẹni tí èrè tirẹ̀ kéré lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ náà kò kọ́ni ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tàbí gírámà, kò sì lè rọ́pò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú àwọn elédè.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ṣe kókó fún ọmọdé jù lọ. Ní ọdún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ ọwọ́ Amẹ́ríkà tí ẹlẹ́dè Mandarin bá ṣeré lójúkojú ní ìgbà 12 gbọ́ ìró èdè náà, ṣùgbọ́n àwọn tí a fi fídíò kan náà hàn kò jèrè nǹkan kan. Ẹ̀rọ lè tún etí àgbàlagbà ṣe. Ti ọmọ ọwọ́, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ nílé ló ń kọ́ ọ.